Òǹtẹ̀ Ni Ẹlẹ́rìí Lára Àpò Lẹ́tà Ìrìn-Àjò Òfurufú

Bí a bá fi àpò lẹ́tà àtijọ́ kan tí wọ́n ya rọ́kẹ́ẹ̀tì sí lára han àwọn ènìyàn ní Èkó, ìbéèrè kan náà ni ọ̀pọ̀ wọn máa ń béèrè: ṣé ó dé òṣùpá ni? Bí wọ́n bá gbọ́ pé kò débẹ̀, wọn a dá a padà bí ẹni pé ayédèrú ni. Àṣìṣe yìí ń dunni, nítorí pé òun ló ń jẹ́ kí ènìyàn sanwó gọbọi lórí àwòrán, kó sì gbójú fo ohun tó níye lórí gan-an, ìyẹn òǹtẹ̀ tí ilé ìfìwéránṣẹ́ tẹ̀ sára àpò.

Òótọ́ ni pé àwọn àpò kan ti kúrò lórí ilẹ̀ ayé lọ sí òfurufú. Lọ́dún 1983, ilé iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ Amẹ́ríkà kó nǹkan bí 260,000 sínú ọkọ̀ òfurufú Challenger, wọ́n sì tà wọ́n fún ará ìlú nígbà tó padà dé. Lọ́dún 1971, àwọn tó bá Apollo 15 lọ sí òṣùpá kó 398 mọ́ra láìgba àṣẹ, NASA, àjọ òfurufú Amẹ́ríkà, sì bá wọn wí gidigidi nígbà tí àṣírí tú. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó wà lára àwọn àpò 1971 yẹn: òǹtẹ̀ Kennedy Space Center ní Florida, ti ọjọ́ 26 oṣù Keje tí wọ́n gbéra, àti òǹtẹ̀ ọkọ̀ ogun ojú omi USS Okinawa, ti ọjọ́ 7 oṣù Kẹjọ tí wọ́n balẹ̀ sójú òkun. Orí ilẹ̀ ayé ni wọ́n ti tẹ òǹtẹ̀ méjèèjì. Àpò tó dé òṣùpá pàápàá ṣì nílò òṣìṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ tí yóò jẹ́rìí sí i.

Iṣẹ́ òǹtẹ̀ ni láti pa sítáǹpù kí ẹnikẹ́ni má baà tún un lò, kó sì sọ ibi àti ọjọ́ tí lẹ́tà gba ọwọ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ kọjá. Ẹni tó wà ní Súrùlérè tó bá fẹ́ òǹtẹ̀ Florida yóò kọ àdírẹ́sì ara rẹ̀ sára àpò, yóò lẹ sítáǹpù Amẹ́ríkà mọ́ ọn, nítorí ti Nàìjíríà kò ní agbára níbẹ̀, yóò ki páálí pẹlẹbẹ sínú rẹ̀ kí òǹtẹ̀ lè jáde kedere, yóò wá kó o sínú àpò ńlá ránṣẹ́ sí ọ̀gá ilé ìfìwéránṣẹ́ tó súnmọ́ ibi tí rọ́kẹ́ẹ̀tì yóò ti gbéra, pẹ̀lú ìwé tó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó mú sùúrù di ọjọ́ náà gan-an. Sùúrù yìí kì í ṣe kékeré: léraléra ni wọ́n sún ìrìn-àjò John Glenn, arìnrìn-àjò òfurufú Amẹ́ríkà, síwájú kó tó gbéra ní ọjọ́ 20 oṣù Kejì ọdún 1962.

Ọgbọ́n tó wà nínú ètò yìí ni pé ẹni tí kò ní ìpín kankan nínú ọ̀rọ̀ ló ń jẹ́rìí. Aṣọ ẹbí ló súnmọ́ ọn jù. Ẹni tó wọ aṣọ ẹbí kò sọ pé òun ni ìyàwó. Ohun tí aṣọ náà ń sọ ni pé ìnáwó kan wáyé, ẹni yìí sì wà lára àwọn tó bá wọn ṣe é. Ẹni tó lọ ra ìyókù aṣọ náà ní Balógun lẹ́yìn oṣù mẹ́ta yóò ní àwọ̀ kan náà lọ́rùn, bẹ́ẹ̀ kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Aṣọ kò lè fi ìyàtọ̀ yìí hàn. Òǹtẹ̀ lè fi í hàn, nítorí pé ọjọ́ wà lára rẹ̀.

Ọjọ́ náà sì gba àròjinlẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 20 oṣù Keje ọdún 1969, ni ní Houston nígbà tí Neil Armstrong fi ẹsẹ̀ tẹ òṣùpá, ṣùgbọ́n ní Èkó, ó ti ń lọ sí aago mẹ́rin ìdájí ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 21. Òǹtẹ̀ Èkó tó sọ pé ọjọ́ 21 kò pẹ́ rárá. Bákan náà ni NigComSat-1, sátẹ́láìtì Nàìjíríà: ọ̀gànjọ́ òru ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá, ọjọ́ 14 oṣù Karùn-ún ọdún 2007 ti wọlé, nígbà tó gbéra ní Xichang, ní Ṣáínà, nígbà tí Èkó ṣì wà ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 13. Ọjọ́ méjèèjì ló tọ̀nà. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ọjọ́ Àìkú ni ọjọ́ 13 yẹn, káńtà ilé ìfìwéránṣẹ́ kì í sì í ṣí lọ́jọ́ Àìkú. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé òǹtẹ̀ Èkó ti ọjọ́ náà wá fún títà, kí a fura, nítorí pé ọjọ́ inú òǹtẹ̀ ṣeé yí padà sẹ́yìn. Ibi tí ètò náà kù sí nìyí. Amẹ́ríkà tiẹ̀ máa ń gba àpò fún òǹtẹ̀ ìrántí lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọjọ́ tí ìṣẹ̀lẹ̀ ti kọjá, wọ́n á sì fi ọjọ́ ìṣẹ̀lẹ̀ gan-an tẹ̀ ẹ́. Ìyẹn ń ran ẹni tí ọ̀nà rẹ̀ jìn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó ń bu ẹ̀rí òǹtẹ̀ kù.

Àpò tó ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà jù lọ ni ti sítáǹpù Amẹ́ríkà tó ya ènìyàn àkọ́kọ́ lórí òṣùpá. Òǹtẹ̀ méjì ló máa ń wà lára rẹ̀: ọ̀kan sọ nípa ìbalẹ̀ sórí òṣùpá, ti ọjọ́ 20 oṣù Keje ọdún 1969, èkejì jẹ́ ti Washington, ọjọ́ 9 oṣù Kẹsàn-án. Ọjọ́ kejì yìí ni sítáǹpù náà jáde, òun náà sì ni ọjọ́ tí àpò ní ní tòótọ́. Ti oṣù Keje kàn ń ṣe ìrántí ni. Ẹni tó bá rí i tó sì rò pé ọjọ́ ìbalẹ̀ ni wọ́n fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ ti tan ara rẹ̀ jẹ.

Kò sì pọn dandan kí ará Èkó máa wá ti Florida kiri. Lọ́dún 1963, Nàìjíríà tẹ sítáǹpù méjì jáde nípa lílo òfurufú fún àlàáfíà: ọ̀kan ya Mercury, ọkọ̀ òfurufú Amẹ́ríkà, àti ibùdó tí wọ́n ti ń tọpa rẹ̀ ní Kánò, èkejì ya sátẹ́láìtì àti èbúté Èkó. Lọ́jọ́ Ẹtì, ọjọ́ 23 oṣù Kẹjọ ọdún náà, Ààrẹ Kennedy bá Abubakar Tafawa Balewa sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù láti Washington, sátẹ́láìtì Syncom 2 ló gbé ohùn wọn, ọkọ̀ ojú omi Kingsport tó dúró sí èbúté Èkó ló sì gbà á. Àpò tó ní òǹtẹ̀ Lagos ti ọjọ́ yẹn, kódà kí sítáǹpù ara rẹ̀ jẹ́ èyí tí kò ya rọ́kẹ́ẹ̀tì kankan, níye lórí ju ọgọ́rùn-ún àpò aláwòrán tí òǹtẹ̀ wọn kò bá ìṣẹ̀lẹ̀ kankan mu.