Fáìlì Ti Padà Dé, Àmọ́ Search Ò Rí I: Ohun Tó Yẹ Kí Ẹ Ṣe

Ẹ ti dá fáìlì yín padà láti inú backup (ẹ̀dà tí ẹ fi pamọ́), kọ̀ǹpútà sì ti sọ pé iṣẹ́ ti parí. Ẹ wá tẹ orúkọ ìwé kan tí ẹ mọ̀ dájú sínú search, ó ní òun ò rí nǹkan kan. Ọkàn ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń já níbi yìí, ohun tí ọwọ́ wọn sì máa ń kọ́kọ́ lọ bá ni pé kí wọ́n tún restore náà, ìyẹn dídá fáìlì padà, ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá tún un ṣe, ìwé àtijọ́ lè gorí èyí tí ẹ ti ṣiṣẹ́ lé lórí lẹ́yìn tí fáìlì padà dé, èyí tí ẹ rò pé ó sọnù kò sì ní tìtorí ẹ̀ hàn nínú search. Ẹ má sì pa ohunkóhun rẹ́ lórí díìsì tí backup yín wà títí ọ̀rọ̀ yóò fi yanjú.

Ohun tó yẹ kí á kọ́kọ́ mọ̀ ni bóyá fáìlì náà wà lóòótọ́, search kọ́ ló sì máa sọ ìyẹn fún wa. Ẹ ṣí File Explorer lórí Windows tàbí Finder lórí Mac, kí ẹ fi ọwọ́ ara yín wọ inú fódà kan dé òmíràn títí ẹ ó fi dé ibi tí ìwé náà máa ń wà, kí ẹ sì ṣí i. Bó bá ṣí, tí ohun inú rẹ̀ pé, backup ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ nìyẹn. Bí ẹ ò bá rí i níbẹ̀, ẹ wo inú C:\Users, níbi tí Windows ń kó fódà oníkálukú sí, dáadáa: bí wọ́n bá dá àkáǹtì tuntun sílẹ̀ lórí Windows kí wọ́n tó dá fáìlì padà, fódà méjì tó ń jẹ́ orúkọ yín lè wà níbẹ̀, kí ẹ̀yin máa wo èyí tó ṣófo. Fódà sì lè fara pamọ́. Robocopy, ètò Windows kan tó ń ṣe ẹ̀dà fáìlì, tí àwọn kan fi ń ṣe backup, lè sọ fódà tó kó odindi díìsì sí di èyí tí ojú kì í rí. Ní File Explorer, ẹ lọ sí View, kí ẹ ní kó fi Hidden items hàn. Bí fódà náà kò bá tíì yọjú, nínú Folder Options, ẹ yọ àmì tó wà níwájú "Hide protected operating system files" fúngbà díẹ̀.

Bí fáìlì bá wà tí search sì ń sẹ́ ẹ, index ló ní ẹjọ́ í jẹ́. Nígbà tí ẹ bá tẹ ọ̀rọ̀ sínú search, kọ̀ǹpútà kì í sábà ṣẹ̀ṣẹ̀ máa yẹ díìsì wò látòkèdélẹ̀. Àkọsílẹ̀ tó ti ṣe sílẹ̀, tí wọ́n ń pè ní index, ló máa ń wò, níbi tó kọ orúkọ fáìlì sí, àti ọjọ́ rẹ̀, ibi tó wà, àti ọ̀pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Ó dà bí atọ́ka tó máa ń wà lẹ́yìn ìwé: bí wọ́n bá fi orí tuntun kún ìwé tí wọn ò tún atọ́ka ṣe, ẹni tó bá gbójú lé atọ́ka nìkan á búra pé orí náà kò sí. Lórí Windows 10, fáìlì kan tó ń jẹ́ Windows.edb ni index yìí, ó wà lábẹ́ C:\ProgramData\Microsoft\Search\Data. Lórí Mac, Spotlight, ètò search rẹ̀ tó ti wà láti ọdún 2005, ló ń ṣe tirẹ̀, inú fódà .Spotlight-V100 tó fara pamọ́ ló sì ń kó o sí, díìsì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú tirẹ̀. Time Machine, ètò backup tó wà lórí Mac, kì í kó fódà yìí mọ́ backup rárá. Ìdí nìyẹn tí Mac tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dá padà fi ní láti kọ index rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, sùúrù ni oògùn àkọ́kọ́, tọkàntọkàn ni mo sì fi ń sọ ọ́. Ẹ ki wáyà kọ̀ǹpútà bọ iná, kí ẹ má jẹ́ kó sùn, kí ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí ẹ bá ń tẹ̀wé tàbí tí ẹ ń gbé máàsì kiri, Windows máa ń dẹwọ́ nínú iṣẹ́ index kó má baà dí yín lọ́wọ́; bó bá sì jẹ́ bátìrì ló ń lò, ó lè dá iṣẹ́ náà dúró. Ẹ ṣí Control Panel, kí ẹ wọ Indexing Options, ẹ ó rí iye fáìlì tó ti kọ sílẹ̀ lókè pátápátá. Bí iye yẹn bá ń gòkè, ẹ má fọwọ́ kàn án. Microsoft fúnra rẹ̀ sọ pé index ọ̀pọ̀ èèyàn kì í tó 30,000 nǹkan, àti pé bó bá ti kọjá 400,000, kọ̀ǹpútà lè bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀. Ẹni tó bá kó fáìlì ọdún pípẹ́ padà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo gbọ́dọ̀ fún un láyè.

Bí iye náà bá dúró lójú kan, tó ti kọ "Indexing complete", tí fáìlì ò sì hàn síbẹ̀, ibi tí ẹ dá fáìlì padà sí ni kí ẹ yẹ̀ wò. Nínú gbogbo ohun tó ń fa wàhálà yìí, èyí ni mo fẹ́ kí ẹ fọwọ́ pàtàkì mú jù. Windows kì í kọ gbogbo díìsì sínú index. Bí ẹ ò bá yí i padà, ètò tí wọ́n ń pè ní Classic kò kọjá àwọn fódà yín bíi Documents, Pictures, Music àti Desktop. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọ̀pọ̀ ètò backup máa ń dá fáìlì padà sínú fódà tuntun, bíi D:\Restored, kó má baà gorí ti tẹ́lẹ̀. Fáìlì wà níbẹ̀ digbí, àmọ́ ẹnikẹ́ni ò rán index lọ síbẹ̀. Nínú Indexing Options náà, ẹ tẹ Modify, kí ẹ fi àmì sí fódà ọ̀hún, kí ẹ tẹ OK. Ẹ tún lè fi ọ̀tún máàsì tẹ fódà náà, kí ẹ wọ Properties, lẹ́yìn náà Advanced, kí ẹ wò ó bóyá àmì wà níwájú "Allow files in this folder to have contents indexed". Àmì yẹn lè ti kúrò níbẹ̀ láti orí kọ̀ǹpútà àtijọ́, kó sì bá fáìlì rìn dé orí tuntun.

Ọ̀rọ̀ àṣẹ, ìyẹn ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣí fáìlì, náà wà níbẹ̀. Windows mọ ẹni tó ni fáìlì kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà tó sì fi ń mọ̀ yín lórí kọ̀ǹpútà àtijọ́ yàtọ̀ sí èyí tó fi ń mọ̀ yín lórí tuntun, bí orúkọ tilẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Orúkọ SYSTEM ni ẹni tó ń kọ index fi ń ṣiṣẹ́. Bí SYSTEM kò bá sí lára àwọn tó láṣẹ láti ka fáìlì náà, kò ní lè kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ wo abẹ́ Security nínú Properties fódà. Bí ẹ ò bá rí SYSTEM níbẹ̀, ẹ fi kún un, kí ẹ fún un ní Read.

Ìgbà tí gbogbo èyí bá ti dúró dáadáa ni Rebuild kàn. Ó wà nínú Indexing Options, lábẹ́ Advanced. Index nìkan ló ń pa rẹ́ tó sì ń tún kọ. Kò ní fọwọ́ kan ìwé yín kankan. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni kí ẹ ṣe é. Ó ń dùn mí tí mo bá rí ẹni tó ń tẹ Rebuild ní wákàtí wákàtí nítorí ó rò pé kò ṣiṣẹ́, torí pé gbogbo ìgbà tó bá tẹ̀ ẹ́ ni iṣẹ́ ń padà sí òdo.

Lórí Mac, ẹ wọ System Settings, lẹ́yìn náà Spotlight, kí ẹ tẹ Search Privacy ní ìsàlẹ̀. Ẹ fi díìsì yín kún ohun tó wà níbẹ̀, ẹ tẹ Done, kí ẹ padà wọlé láti yọ ọ́ kúrò. Bí ẹ bá ti yọ ọ́, Spotlight á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ index tuntun. Ẹni tí Terminal, ibi tí wọ́n ti ń fi ọ̀rọ̀ pàṣẹ fún Mac, kò bá bà lẹ́rù lè kọ sudo mdutil -E / kó sì fún un ní ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀. Iṣẹ́ kan náà ni. Bí ẹ bá rí mds_stores tàbí mdworker, àwọn òṣìṣẹ́ Spotlight, nínú Activity Monitor, tó ń fi ohun tí Mac ń ṣe hàn, tí wọ́n ń jẹ agbára ẹ̀rọ, iṣẹ́ yín ni wọ́n ń ṣe, ẹ má pa wọ́n. Ẹ kíyè sí èyí náà: Spotlight kì í wọ inú fódà tí orúkọ rẹ̀ bá parí sí .noindex.

Bí ẹ bá nílò ìwé kan kíákíá kí index tó parí, ọ̀nà wà tí kò gba ibẹ̀ kọjá. Ká ní ọ̀rọ̀ "adehun" wà nínú orúkọ ìwé tí ẹ ń wá. Lórí Windows, ẹ ṣí Command Prompt, ibi tí wọ́n ti ń fi ọ̀rọ̀ pàṣẹ fún un, kí ẹ kọ dir C:\Users\*adehun* /s /b, á sì kó gbogbo èyí tó bá rí jáde pẹ̀lú ibi tí wọ́n wà. Lórí Mac, find ~ -iname "*adehun*" ni ẹ máa kọ sínú Terminal. Orúkọ fáìlì nìkan ni àwọn méjèèjì ń wò, wọn kì í ka inú rẹ̀, wọ́n sì lè falẹ̀ díẹ̀, àmọ́ díìsì gan-an ni wọ́n ń wò.

Ó ku ti ọjọ́, tó máa ń tan àwọn tó bá ń fi ọjọ́ wá nǹkan. Bí wọ́n bá ṣe ẹ̀dà fáìlì láti orí díìsì kan sí òmíràn lórí Windows, Date created á di ọjọ́ tí wọ́n ṣe ẹ̀dà náà, àmọ́ Date modified kì í yí padà. Ìwé tí ẹ kọ ní 2016 lè máa sọ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá òun sílẹ̀ lánàá. Bí ẹ bá mọ ọdún tí ẹ kọ nǹkan, Date modified ni kí ẹ fi tò wọ́n.