Irọ́ Tó Wà Lára Páálí Tẹlisikóòpù

Lóṣù yìí nìkan, ẹni mẹ́rin ló ti gbé tẹlisikóòpù tuntun, ẹ̀rọ tí a fi ń wo ojú ọ̀run, wá bá mi pé ó bàjẹ́. Ẹni tó kẹ́yìn ní, "Ọ̀gá, ẹ bá mi wò ó, bàìbàì ni gbogbo ẹ̀." Mo yẹ̀ ẹ́ wò, kò sóhun tó ṣe é. Òun ló ki gíláàsì ojú tó kéré jù lọ bọ̀ ọ́ nídìí, tó tún fi lẹ́ńsì tó ń sọ nǹkan di ìlọ́po mẹ́ta tì í, torí wọ́n kọ ìlọ́po 525 gàdàgbà-gadagba sára páálí. Ó fẹ́ kí Jupiter, plánẹ́ẹ̀tì ńlá tó ń yí oòrùn po bí ayé wa, kún òun lójú.

Bí ẹ ó ṣe gbé e lé ẹsẹ̀ mẹ́ta rẹ̀ wà nínú ìwé tó bá a wá. Iye tí wọ́n kọ sára páálí yẹn ni ìjà mi.

Ẹnu iwájú tẹlisikóòpù lagbára rẹ̀ wà. Bó bá ṣe fẹ̀ tó ni ìmọ́lẹ̀ tó ń gbé mì ṣe ń pọ̀ tó. Ìlọ́po kò ju ìṣirò ọmọ iléèwé lọ. Ọ̀pá tí wọ́n kọ 700 sí lára, ẹ fi gíláàsì ojú tí wọ́n kọ 25 sí lára sí i, ẹ fi 25 pín 700, ìlọ́po 28 nìyẹn. Ẹ fi 10 sí i, ó di 70. Ẹ fi 4 sí i, kí ẹ tún fi lẹ́ńsì ìlọ́po mẹ́ta tì í, ó di 525 tí wọ́n fi tàn yín. Ṣùgbọ́n ẹnu tó fẹ̀ ní mìlímítà 60 kò lè gbé ju nǹkan bí ìlọ́po 120 lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ kan náà lẹ kàn ń nà, bí ẹni tó fẹ́ fi ọ̀dà agolo kan kun odindi ilé. Afẹ́fẹ́ ńkọ́? Òun ló ń mú kí ìràwọ̀ máa ṣẹ́jú. Bẹ́ ẹ ṣe ń sọ Jupiter di ńlá lẹ ń sọ gbígbọ̀n afẹ́fẹ́ náà di ńlá. Ẹni tó wá jókòó sí yàrá, tó ń wò ó láti inú gíláàsì fèrèsé, mi ò mọ ohun tí mo lè sọ fún un. Ẹ gbé e síta kó tutù fún bí ìdajì wákàtí, kí ojú yín náà fi mọ́ òkùnkùn lára, kí fóònù sì wà lápò.

Nígbà tí Galileo, onímọ̀ ìràwọ̀ ará Ítálì, rí àwọn òṣùpá Jupiter ní oṣù kìíní ọdún 1610, ìlọ́po bí 20 ló ń lò. Gíláàsì 25 tẹ́ ẹ jù sí ìdí páálí ju tiẹ̀ lọ! Ẹ fi wá Jupiter, ẹ ó rí ohun mẹ́rin bí ìràwọ̀ kéékèèké tó tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn òṣùpá yẹn ni, nígbà míì mẹ́ta, torí ọ̀kan ti yà sẹ́yìn rẹ̀. Ẹ yà wọ́n sínú ìwé, kẹ́ ẹ tún wò wọ́n lọ́la: wọ́n ti pààrọ̀ ipò. Io, èyí tó sún mọ́ ọn jù nínú wọn, kì í lo ọjọ́ méjì kó tó yí i po. Àgùàlà tí wọ́n ń pè ní ajá òṣùpá, ẹ wò ó dáadáa, òun náà máa ń di ẹ̀là bí òṣùpá. Ti Saturn, plánẹ́ẹ̀tì tí òrùka yí ká, ojú kì í rí arẹwà kó má kì í. Àwọn kan ti lọ wo ẹnu tẹlisikóòpù mi bóyá àwòrán ni mo lẹ̀ mọ́ ọn. Bí òrùka rẹ̀ bá fi ẹ̀gbẹ́ kọjú sí wa, bó ti rí ní oṣù kẹta ọdún 2025, ó máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá; ẹ má gbé tẹlisikóòpù wá bá mi torí ìyẹn.

Ẹnìkan ní kí n bá òun wá ìràwọ̀ òun, wọ́n ní ọ̀tá ti bò ó mọ́lẹ̀. Èémí ẹnu rẹ̀ ló bo gíláàsì.

Ìyẹn ṣì ṣe é rẹ́rìn-ín. Ti oòrùn kò ṣe é rẹ́rìn-ín rárá. Àwọn kan ń ta gíláàsì dúdú kékeré tí wọ́n ń dè mọ́ gíláàsì ojú, wọ́n ní oòrùn ni kẹ́ ẹ fi máa wò. Ẹ sọ ọ́ nù. Ibi tí wọ́n ń dè é mọ́ gan-an ni gbogbo ooru tí tẹlisikóòpù kó jọ ń bá a. Ẹnu iwájú ló yẹ kí asẹ́ oòrùn gidi wà, kó bò ó pátá. Awọ tó ń gba ìmọ́lẹ̀ lẹ́yìn ẹyinjú kì í mọ ìrora. Ó lè jóná kẹ́ ẹ má gbin.

Mo bá bàbá kan tó ti dojú tẹlisikóòpù tiẹ̀ kọ oòrùn lọ́sàn-án gangan, tí ọmọ rẹ̀ bí ọdún mẹ́jọ ń bẹ̀rẹ̀ láti yọjú wò ó. Mo kígbe. Bàbá náà gbaná jẹ, ó ní mo ń dẹ́rù ba ọmọ òun, ṣé mi ò rí i pé òun ti de gíláàsì oòrùn mọ́ ọn ni? A ṣì wà lórí ẹ̀ nígbà tá a gbọ́ káú. Gíláàsì dúdú ti là sí méjì. Mo mú bébà, mo gbé e síbi tí ojú ọmọ yẹn ì bá wà. Kò pẹ́ tó fi ń rú èéfín.

Bàbá náà wo bébà, ó wo gíláàsì tó là. Ó ní, "Ọ̀gá, níbo ni mo ti lè rí òmíràn rà?"