Bí Gọ́ọ̀mù Gásíkẹ́ẹ̀tì Ṣe Ń Ṣiṣẹ́ Lára Ẹ́ńjìnnì

Bí a tilẹ̀ fá ojú irin méjì títí tí wọ́n fi dán, tí a sì fi bóòtì àti nọ́ọ̀tì dè wọ́n pọ̀ pinpin, àwọn ibi tóótòòtó ṣì wà tí ara wọn kò ti kanra. Ibẹ̀ ni ọ́ìlì àti omi ń bá jáde, pàápàá nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná tí irin sì fẹ̀. Gásíkẹ́ẹ̀tì, yálà ti pépà líle, ti rọ́bà tàbí ti irin pẹlẹbẹ, ni wọ́n fi ń dí àlàfo náà. Gọ́ọ̀mù tí à ń fún jáde láti inú ike ń ṣe irú iṣẹ́ yìí kan náà, òun gan-an sì ni wọ́n máa ń lò jù níbi tí kò yẹ.

Àwọn ibì kan wà tí kò sí ohun mìíràn ju gọ́ọ̀mù lọ. Sọ́ọ̀ǹpù, ìyẹn abọ́ irin tí ọ́ìlì ń rogún sí nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, kò ní gásíkẹ́ẹ̀tì gígé kankan lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Toyota, títí kan Corolla tó ń lo ẹ́ńjìnnì 1ZZ-FE. Láti ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti fi gọ́ọ̀mù nìkan dí i, tí Toyota sì ń pè é ní FIPG (formed in place gasket, ìyẹn gásíkẹ́ẹ̀tì tí a ń ṣe lójú ibi tí a ti ń lò ó) nínú ìwé àtúnṣe rẹ̀. Gọ́ọ̀mù ibẹ̀ kì í ṣe ọgbọ́n ojú pópó, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ìrẹ́jẹ.

Sílíkónì ni irú gọ́ọ̀mù tó wọ́pọ̀ jù. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló ń mú un gan, kì í ṣe oòrùn, kì í sì í ṣe ooru ẹ́ńjìnnì. Ìta rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń yọ awọ, láàárín bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, lẹ́yìn náà ni ọ̀rinrin á máa rọra gba ara awọ yẹn wọ inú lọ. Nítorí náà, a gbọ́dọ̀ pa irin méjèèjì pọ̀ kí awọ tó yọ, nítorí awọ tó ti gan kò ní lẹ̀ mọ́ irin kejì mọ́. Lẹ́yìn èyí, ó yẹ kí a dúró fún bíi wákàtí 24 kí ọ̀pọ̀ nínú wọn tó gan dénú. Ní àkókò ọyẹ́, tí afẹ́fẹ́ gbẹ táútáú, ó ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mẹkáníìkì tó gbé ọkọ̀ sínú oòrùn ọ̀sán kí gọ́ọ̀mù lè tètè gan kò fún un ní ohun tó ń wá.

Kí a tó fi gọ́ọ̀mù kan irin rárá, a gbọ́dọ̀ ha èyí tó ti gbó kúrò, kí a sì nu ọ́ìlì tán pátápátá. Kẹrosíìnì tí wọ́n sábà máa ń fi fọ nǹkan ní ọgbà mẹkáníìkì máa ń fi ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sílẹ̀, gọ́ọ̀mù kì í sì í di ọ̀rá mú. Asẹ́tóònì tàbí omi tí wọ́n fi ń fọ bíréèkì ló dára. Bí irin náà bá jẹ́ alumíníọ̀mù, ọ̀bẹ ike ni kí a fi ha á. Kí a sì yẹra fún bébà ìfági tàbí ẹ̀rọ ìfági níbi tí ẹ́ńjìnnì bá ti wà ní ṣíṣí, nítorí iyẹ̀pẹ̀ ara rẹ̀ lè bá ọ́ìlì dé inú béárìnì, kí ó sì jẹ ẹ́.

Ìwọ̀n tí a ń fún ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣoṣo, tí ó nípọn tó mílímítà 3 tàbí sún mọ́ ọn, tí kò já níbì kankan, tí ó sì gba apá inú ihò bóòtì kọjá, ti tó fún ọ̀pọ̀ sọ́ọ̀ǹpù. Nígbà tí a bá ń dè é, gọ́ọ̀mù tó ṣẹ́kù á fún jáde sí ìta àti sí inú. Tìta kò ní ewu, ó kàn burú lójú ni. Tinú ni kò sẹ́ni tó ń rí: bí ó bá gan tán, ó lè já, kí ó bọ́ sínú ọ́ìlì, kí ọ́ìlì sì gbé e lọ dí asẹ́ tó wà lẹ́nu ibi tí ọ́ìlì pọ́ǹpù ti ń fà á. Ọ́ìlì á wọ́n béárìnì, ẹ́ńjìnnì tí wọ́n gbé wá nítorí ọ́ìlì tó ń kán á sì wá nọ́ọ̀kì. Gọ́ọ̀mù tó kún inú ihò bóòtì tí kò lu jáde náà léwu, nítorí kò ṣeé fún pọ̀. Bí bóòtì bá ń wọlé tì í, irin lè sán.

Irú gọ́ọ̀mù kejì, tí wọ́n ń pè ní anaerobic, yàtọ̀ pátápátá, nítorí afẹ́fẹ́ ni kì í jẹ́ kí ó gan. Ìgbà tí ó bá há sáàárín irin méjì tí afẹ́fẹ́ kò lè dé ibẹ̀ ni ó ń le. Àwọn onímọ̀ ilé iṣẹ́ General Electric ní Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ ṣàwárí irú rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ní láti máa fẹ́ atẹ́gùn sí i láìdáwọ́ dúró. Vernon Krieble, ọ̀jọ̀gbọ́n kẹ́místírì ní Trinity College ní ìlú Hartford, ló rí bí a ṣe lè tọ́jú rẹ̀ sínú ike, tí ó sì dá ilé iṣẹ́ tó di Loctite sílẹ̀ ní ọdún 1953. Ike tí wọ́n ń rọ ọ́ sí kì í kún dẹ́nu, nítorí afẹ́fẹ́ tó wà lókè rẹ̀ ni kò jẹ́ kí ó gan. Ẹni tó bá rò pé òǹtajà ti bù ú ń fi ẹ̀sùn kan aláìṣẹ̀ ni. Àárín irin tó nípọn tí kì í tẹ̀, tí a fá ojú wọn dáadáa, bí ara jíà, ni ibi tirẹ̀. Kò yẹ fún sọ́ọ̀ǹpù páànù tó ń gbọ̀n.

Sílíkónì tó ń rùn bí fínígà máa ń tú èéfín tó lè bá afẹ́fẹ́ inú ẹ́ńjìnnì dé ọ̀nà sàléńsà, kí ó sì ba sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn ọ́síjìn níbẹ̀ jẹ́. Èyí tí wọ́n kọ sára rẹ̀ pé kò ní pa sẹ́ńsọ̀ lára ni ti ọkọ̀ òde òní. Epo bẹntiróòlù ní tirẹ̀ ń mú sílíkónì wú, ó sì ń sọ ọ́ di rírọ̀, nítorí náà kò yẹ kí a fi dí ojú ibi tí epo ń gbà. A kì í sì í fi gọ́ọ̀mù kun rọ́bà tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà, ìyẹn ìdérí òkè ẹ́ńjìnnì, yíká, nítorí ó ń mú kí rọ́bà yọ̀ kúrò ní àyè rẹ̀. Díẹ̀ ni wọ́n ń tọ́ sí orígun tí irin mẹ́ta ti pàdé.

Tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì, èyí tó wà láàárín tọ́ọ̀pù (orí ẹ́ńjìnnì) àti ara ẹ́ńjìnnì tí sìlíńdà wà, ni kí a yọwọ́ gọ́ọ̀mù kúrò nínú rẹ̀ pátápátá, àyàfi bí ìwé ilé iṣẹ́ bá dárúkọ ibi tí ó yẹ. Iná tó ń jó nínú sìlíńdà ń gbóná kọjá 2,000°C, bẹ́ẹ̀ ni sílíkónì tí wọ́n ṣe fún ibi gbígbóná jù kò lè fara da ju bíi 370°C lọ. Gásíkẹ́ẹ̀tì onírin tó ní ìpele púpọ̀ ti ní ohun ìdí tirẹ̀ lára láti ilé iṣẹ́, gbígbẹ ni wọ́n sì ń fi í sílẹ̀. Bí tọ́ọ̀pù bá ti wọ́, ilé ẹ̀rọ ni wọ́n ń gbé e lọ kí wọ́n fá ojú rẹ̀ títí yóò fi gún.