Kí wọ́n dárúkọ iṣẹ́ kan kọ́ ni kí wọ́n yìn ín

Ìpìlẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ka ìtọ́kasí, ìyẹn iye ìgbà tí pépà míì dárúkọ iṣẹ́ kan, ò le. Ẹni tó bá kọ pépà sáyẹ́ǹsì máa ń to àwọn iṣẹ́ tó lò sẹ́yìn ẹ̀, kọ̀ǹpútà á wá ka gbogbo ẹ̀ pọ̀, iṣẹ́ tí pépà 40 bá tọ́ka sí ti ní ìtọ́kasí 40 nìyẹn. Eugene Garfield ló gbé ìwé atọ́ka tó ń to ìtọ́kasí báyìí jáde ní Philadelphia ní nǹkan bíi 1964, kí èèyàn lè fi wá pépà ló sì ṣe ṣe é: tóo bá rí iṣẹ́ àtijọ́ kan, wàá rí àwọn tó lò ó lẹ́yìn náà. Ọgbọ́n ńlá nìyẹn, ó sì ń ṣiṣẹ́ dòní. Ìgbà tí wọ́n sọ ọ́ di òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń fún èèyàn ní prómóṣọ̀n ni wàhálà dé.

Ohun tó ń bí èèyàn nínú ni báwọn èèyàn ṣe gbà pé iye ìtọ́kasí ni iye oríyìn. Rárá o. Ẹ wò ó bíi ọjà àdìrẹ ní Ìtòkú, ká ní ẹnì kan jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tó ń fa ìlà kan gbogbo ìgbà tí wọ́n bá dárúkọ ṣọ́ọ̀bù kan. Oníbàárà kan ní "lọ bá ìyá yẹn, aró ẹ̀ kì í ṣí", ìlà kan. Òmíì ní "má débẹ̀ o, èyí tí mo rà lọ́wọ́ ẹ̀ ba gbogbo aṣọ funfun mi jẹ́", ìlà kan náà ni. Ẹnì kan ò tiẹ̀ ra nǹkan kan, ó kàn ń júwe ọ̀nà pé tóo bá kọjá ṣọ́ọ̀bù ìyá yẹn kóo yà sọ́tùn-ún, ìlà kan. Ọmọ ìyá yẹn sì wà níbẹ̀ tó ń pariwo orúkọ ìyá ẹ̀ látàárọ̀, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n ń kà. Aláró tó wà ní kọ̀rọ̀, tó ń po elú gidi fáwọn oníbàárà tí kì í sọ̀rọ̀, ò ní rí ìlà kankan.

Gbogbo wọn ló wà nínú sáyẹ́ǹsì. Pépà tí Andrew Wakefield kọ sínú Lancet, jọ́nà ìṣègùn (ìwé tí wọ́n ń tẹ pépà sí), ní 1998, tó fẹ́ so abẹ́rẹ́ àjẹsára mọ́ autism, jọ́nà yẹn fa á yọ ní 2010, síbẹ̀ ìtọ́kasí ẹ̀ pọ̀ gan-an, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló sì ń bá a wí. Ti ajúwe-ọ̀nà ni pépà tí Oliver Lowry àtàwọn akẹgbẹ́ ẹ̀ kọ ní 1951 lórí bí wọ́n ṣe ń wọn pròtéènì: gbogbo láàbù tó bá lo ọ̀nà yẹn gbọ́dọ̀ dárúkọ ẹ̀, ìtọ́kasí ẹ̀ ti lé ní 300,000. Pépà Watson àti Crick ti 1953, tó fi bí DNA ṣe rí han aráyé, ò wọ 100 pépà tí wọ́n tọ́ka sí jù nígbà tí jọ́nà Nature tò wọ́n ní 2014, torí ohun tí gbogbo èèyàn ti mọ̀, ta ló ń tọ́ka sí i mọ́?

Nọ́ńbà tí wọ́n fi ń díwọ̀n jọ́nà náà ò sàn jù. Wọ́n á mú iye ìgbà tí wọ́n dárúkọ pépà ọdún 2 tó ṣáájú, wọ́n á fi iye pépà yẹn pín in, pépà 2 tó lókìkí lè gbé àádọ́ta tí kò sẹ́ni tó kà wọ́n sókè.

Èyí tó dunni jù nílé níbí ni iṣẹ́ ẹ̀gẹ́. Ká ní lẹ́kíṣọ̀ kan ní yunifásítì àgbẹ̀ tó wà ní Àlàbàtà rí bí láfún ṣe máa gbẹ lásìkò òjò láìbu, táwọn ìyá ní Ọ̀dẹ̀dá sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é bẹ́ẹ̀. Àwọn ìyá yẹn kì í kọ pépà. Òfo ni kọ̀ǹpútà máa kà fún un, nígbà tí láfún ti wà lórí àpáta tó ń gbẹ.

Ní 2012, àwọn onímọ̀ kan pàdé ní San Francisco, ìkéde tí wọ́n sì ṣe tí wọ́n ń pè ní DORA sọ pé kí wọ́n má fi nọ́ńbà jọ́nà díwọ̀n èèyàn mọ́, kí wọ́n ka ohun tó wà nínú iṣẹ́ yẹn fúnra ẹ̀. Ìyẹn ń gba àkókò, ó sì gba kí ìgbìmọ̀ prómóṣọ̀n jókòó ti pépà mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí wọ́n kà wọ́n tán.