Kí ló dé tí tẹlifíṣọ̀n fi dé Ìbàdàn kí ó tó dé Èkó?

Èkó ni olú-ìlú nígbà náà, ibẹ̀ náà sì ni iṣẹ́ rédíò ti kọ́kọ́ fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Nàìjíríà. Síbẹ̀, Ìbàdàn ló kọ́kọ́ ní tẹlifíṣọ̀n. Àwọn ìbéèrè tí àwọn ọ̀dọ́ sábà máa ń béèrè lórí ọ̀rọ̀ náà nìyí.

Ṣé lóòótọ́ ni pé rédíò àtijọ́ kì í lo bátìrì?

Lóòótọ́ ni, torí àpótí rediffusion tí wọ́n ń pè ní asọ̀rọ̀mágbèsì kì í ṣe rédíò gan-an. December 1935 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Èkó. Ẹ̀rọ ńlá kan ní ibùdó á gba ohùn BBC láti Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n á gbé ohùn náà sókè, wọ́n á sì tì í sínú wáyà tó ń gba orí òpó lọ láti ilé dé ilé. Ohun tó wà nínú àpótí kò ju sípíkà àti ohun tí wọ́n fi ń yí ohùn sókè sódò. Oṣooṣù ni wọ́n ń sanwó rẹ̀. Bí igi bá wó lu wáyà, gbogbo ilé tó wà níwájú ibẹ̀ ló máa dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ilé tó wà ní ìparí wáyà kì í sì í gbọ́ ketekete, torí wáyà gígùn a máa jẹ agbára ohùn. Ẹni tó ni wáyà ló ń yan ohun tí àdúgbò máa gbọ́, ọ̀rọ̀ yìí gan-an ló sì di ìjà.

Ìjà wo?

Ní 1953, Anthony Enahoro gbé àbá wá sí ilé aṣòfin ní Èkó pé kí Nàìjíríà máa ṣèjọba ara rẹ̀ ní 1956. Àwọn aṣòfin Àríwá kò gbà, àwọn ọmọ Action Group, ẹgbẹ́ òṣèlú Enahoro àti Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, sì fi ìbínú jáde. Ni Gómìnà John Macpherson bá bọ́ sórí rédíò ìjọba, ó bẹnu àtẹ́ lù wọ́n. Awólọ́wọ̀ ní kí wọ́n fún òun náà láyè lórí rédíò yẹn kí òun fèsì, wọn kò fún un. Ìwà ìrẹ́jẹ pátápátá ni. Nígbà tí wọ́n tún òfin ìlú kọ ní 1954, ẹkùn kọ̀ọ̀kan gba ẹ̀tọ́ láti dá ilé iṣẹ́ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Ìjọba ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, tí Ìbàdàn jẹ́ olú-ìlú rẹ̀, bá ilé iṣẹ́ Overseas Rediffusion da owó pọ̀, WNTV (Western Nigeria Television), ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Ìbàdàn, sì bẹ̀rẹ̀ ní October 31, 1959. April 1962 ni ti ìjọba àpapọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní Èkó.

Ṣé WNTV ló ṣáájú ní gbogbo Áfíríkà?

Ohun tí ilé iṣẹ́ náà ń sọ nípa ara rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ń wo tẹlifíṣọ̀n ní Mòrókò àti Àlùjíríà ṣáájú 1959. Gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà ni WNTV ti ṣáájú.

Báwo ni àwòrán Ìbàdàn ṣe ń dé Èkó?

Ìgbì tẹlifíṣọ̀n a máa lọ tààrà, ilẹ̀ ayé sì tẹ̀ kọdọrọ. Bí òpó ibùdó bá ga ní mítà 150, tí èrìyà ilé, ìyẹn ọ̀pá tó ń gba àwòrán lórí òrùlé, ga ní mítà 10, nǹkan bíi kìlómítà 63 ni àwòrán máa rìn kí ilẹ̀ tó bò ó. Ìbàdàn sí Èkó ju 100 lọ. Ìdí nìyí tí WNTV fi ní ẹ̀rọ méjì: ọ̀kan lórí òkè Màpó, èkejì ní Abafọn lẹ́bàá Ìkòròdú. Ti Abafọn ló ń bá Èkó sọ̀rọ̀.

Kí ló ń fa òjìji lára àwòrán, pàápàá ní Ìsàlẹ̀ Èkó?

Àwọn ilé gogoro ni. Ìgbì kan náà á dé tààrà, á tún lu ògiri ilé gíga ní Marina, á sì padà wá. Bí ọ̀nà kejì bá fi mítà 300 gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, àwòrán kejì á fi nǹkan bíi mìlímítà 8 yẹ̀ sí ọ̀tún lójú tẹlifíṣọ̀n tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 40. Ẹni tó wà lórí òrùlé ń yí èrìyà, ẹni tó wà ní pálọ̀ ń pariwo pé "Ó kù díẹ̀!", ibi tí àwòrán ti tàn jù ni àwọn méjèèjì sì ń wá. Ibi tí òjìji ti kéré jù ló yẹ kí wọ́n wá, kódà bí àwòrán bá ṣókùnkùn díẹ̀. Kí àwọn ọ̀pá kéékèèké iwájú èrìyà kọjú sí ibùdó, kí wáyà pẹlẹbẹ tó ń sọ̀ kalẹ̀ má fara kan páànù. Iyọ̀ afẹ́fẹ́ òkun náà wà ńbẹ̀: bí ojú ibi tí wáyà ti so mọ́ èrìyà bá ti di àwọ̀ ewé, kí wọ́n gé e, kí wọ́n ha bàbà rẹ̀ títí á fi dán, kí wọ́n tún un so le. Yíyí èrìyà nìkan kò lè wo ìyẹn sàn.

Àwọn wo ló gbajúmọ̀ nídìí iṣẹ́ náà?

Anikẹ Agbájé-Williams ni ojú àkọ́kọ́ tó hàn lórí WNTV, Kúnlé Ọláṣọpé sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ka ìròyìn níbẹ̀. Ṣẹ́gun Olúṣọlá ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn kí ó tó wá sí Èkó, níbi tí eré tẹlifíṣọ̀n rẹ̀, Village Headmaster, ti bẹ̀rẹ̀ ní 1968. Ní Radio Lagos, Gbénga Adébóyè, tó kú ní 2003, ni ọ̀gá: òun nìkan á ṣe Àlùfáà, á ṣe ará oko, á ṣe ọmọ ìta, tí olùgbọ́ á fi rò pé èèyàn mẹ́ta ló wà nídìí ẹ̀rọ. Ó dunni pé ètò tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́ ṣòro láti rí báyìí: ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n ń ṣe ọ̀pọ̀ wọn, tẹ́ẹ̀pù wọ́n, wọ́n sì ń gba tuntun lé àtijọ́ lórí. Ti Adébóyè yàtọ̀, torí ó gbé àwàdà rẹ̀ jáde lórí kásẹ́ẹ̀tì, àwọn èèyàn rà á, wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ sílé.