Ṣé ajá òṣùpá ni Àgùàlà?

Ní Múṣin tàbí Ẹ̀bùté Mẹ́ta, iná ilé àti ti títì ti bo ọ̀pọ̀ ìràwọ̀ mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí iná tó lè bo òṣùpá àti Àgùàlà, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Venus. Àwọn méjèèjì tó láti fi kọ́ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama bí ojú ọ̀run ṣe ń yí, bó bá fi ojú ara rẹ̀ wò ó kí olùkọ́ tó ṣàlàyé.

Ojú kan náà ni ọmọ yóò máa dúró sí, ní aago méje ààbọ̀ alẹ́, nígbà tí oòrùn Èkó ti wọ̀. Yóò ya òpó iná àti táńkì omi ilé kejì sínú ìwé rẹ̀ kó lè fi wọ́n ṣe àmì. Ìkúùkù ni yóò fi wọn ojú ọ̀run: bó bá na apá tán, fífẹ̀ ìkúùkù rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi dígírì 10. Ọwọ́ ọmọdé kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n apá rẹ̀ náà kúrú, ìwọ̀n náà ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Bí ojú ọ̀run bá ṣú, kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Kó má ṣe méfò.

Oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ nílẹ̀ Yúróòpù, ó máa ń nàró bíi dòjé. Ti Èkó sábà máa ń dùbúlẹ̀ bí ọkọ̀ ojú omi, nítorí nítòsí agbedeméjì ayé, oòrùn fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń wọ̀ lọ tààrà sísàlẹ̀, apá tó kọjú sí oòrùn ló sì ń mọ́lẹ̀. Olùkọ́ tó bá ní ọmọ náà yà á ṣì ti ba iṣẹ́ jẹ́.

Lálaalẹ́, òṣùpá á ti sún sí ìhà ìlà oòrùn ní ìkúùkù kan lé díẹ̀, títí yóò fi di àrànmọ́jú. Lẹ́yìn ìyẹn, ìdájí ni kí wọ́n máa wò ó. Ọjọ́ 29 ààbọ̀ ni yóò fi yípo.

Òwe wá sọ pé Àgùàlà ń bá òṣùpá rìn, wọ́n ṣe bí ajá rẹ̀ ni. Ẹni tó kọ́kọ́ pa á ti wo ojú ọ̀run dáadáa, nítorí “wọ́n ṣe bí” ló sọ. Lálẹ́ tí àwọn méjèèjì bá jọ wà, kí ọmọ wọn àárín wọn. Lọ́jọ́ kejì, òṣùpá á ti sún, àárín wọn á sì ti yàtọ̀. Kó wá wọn láti ibi tí oòrùn ti wọ̀ dé ọ̀dọ̀ Àgùàlà lóṣooṣù: kò ní pé ìkúùkù márùn-ún. Àgùàlà sún mọ́ oòrùn ju ayé lọ, lójú wa kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ kọjá dígírì 47 sí i. Oòrùn ló ń bá rìn. Ìdí nìyẹn tí a kì í rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ àrànmọ́jú, àfi òṣùpá tínínrín.