Bí Iná Bá Ń Gbéni ní Balùwẹ̀: Ta Ni Ká Pè Wá Pààrọ̀ Hítà?

Bí ọyẹ́ bá ti mú ní Ìlọrin, láti Tanke títí dé Adéwọlé, hítà balùwẹ̀ tó ti sùn látìgbà tí ooru ti dé á tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, fóònù àwọn oníná náà ò sì ní sinmi. Ẹjọ́ tí wọ́n ń rò fún wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra: "Àfáà, mo fọwọ́ kan ẹnu ẹ̀rọ, iná gbé mi díẹ̀." Àwọn ilé kan ti dá ọgbọ́n sí i, wọ́n á wọ sílípáàsì onírọ́bà wẹ̀. Sílípáàsì kì í ṣe àtúnṣe. Ká pa hítà bẹ́ẹ̀ láti ibi bíréékà, ká má sì tàn án mọ́ títí ẹni tó mọṣẹ́ yóò fi dé. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni bá a ṣe máa dá ẹni tó mọṣẹ́ mọ̀.

Ó dára ká kọ́kọ́ mọ ohun tó ń bàjẹ́. Nínú hítà onítáǹkì, ẹlẹ́mẹ́ǹtì ló ń mú omi gbóná. Wáyà tín-ín-rín ni, inú ọ̀pá irin ni wọ́n tì í sí, wọ́n sì fi lẹ́búlẹ́bú funfun kan dí àárín méjèèjì kí iná má baà kan irin. Omi bọọ́hóòlù máa ń fi èèpá sílẹ̀ lára ọ̀pá yìí. Bí èèpá náà bá ti nípọn, ooru ò ní rọ́nà jáde mọ́, ọ̀pá á gbóná kọjá bó ṣe yẹ, á sì sán. Bẹ́ẹ̀ náà ló máa ń rí bí wọ́n bá tan hítà tuntun kí omi tó kún inú rẹ̀. Ọjọ́ tó bá ti sán ni iná ti ń bọ́ sínú omi.

Wáyà ẹ́ẹ̀tì ló yẹ kó gba irú iná tó ṣìnà bẹ́ẹ̀, kó gbé e lọ sínú ilẹ̀ nípasẹ̀ ọ̀pá bàbà tí wọ́n gún sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Bí ẹ́ẹ̀tì kò bá ṣiṣẹ́, ẹni tó ń wẹ̀ ló di ẹ́ẹ̀tì. Ibí yìí sì ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Ìlọrin ti wọ̀ ọ́. Ilẹ̀ tó tutù ló ń gba iná dáadáa. Ní oṣù kẹsàn-án, ilẹ̀ ti mumi yó, ọ̀pá kúkúrú kan lè tó. Tó bá fi máa di oṣù kìíní, ilẹ̀ pupa kan náà ti gan bíi bíríkì, ọ̀pá ọ̀hún kàn dúró síbẹ̀ ni. Àsìkò yẹn gan-an sì ni gbogbo ilé ń tan hítà. Ohun tó fà á nìyẹn tí hítà tí kò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu lásìkò òjò fi lè máa gbéni nígbà ọyẹ́. Ẹni tó bá wá pààrọ̀ hítà, tó fi ẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ bó ṣe wà, kò tíì ṣe ìdajì iṣẹ́.

Nítorí náà, ìbéèrè tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu oníná ló yẹ ká gbọ́. Ẹni tó yọjú sí balùwẹ̀, tó gbójú sókè wo hítà, tó sì dárúkọ owó lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ọjà ló wá tà. Ẹni tó ní, "Àlàájà, ẹ jọ̀ọ́, ibo ni ẹ́ẹ̀tì ilé yìí wà?", tó sì lọ ń wá a lẹ́yìn ilé, ẹni yẹn mọ ibi tí ewu wà.

Ọ̀nà tí àwọn àgbà oníná fi ń yẹ ẹ́ẹ̀tì wò ṣeé fojú rí. Wọ́n á mú gílóòbù oní-100 wáàtì, wọ́n á so wáyà rẹ̀ kan mọ́ ojú iná (wáyà tó ń gbé iná wá), èkejì mọ́ ẹ́ẹ̀tì. Bó bá tàn bó ṣe máa ń tàn láàárín ojú iná àti niútírà (wáyà tó ń gbé iná padà), ẹ́ẹ̀tì ń gbé nǹkan. Bó bá ń ṣe bàìbàì, tàbí tí kò tilẹ̀ tàn rárá, wáyà lásán ló wà níbẹ̀. Mítà kékeré tí wọ́n fi ń wọn fóòtì (agbára tó ń ti iná) lè tanni jẹ nínú ọ̀rọ̀ yìí, torí kì í fa iná tó nǹkan: ó lè ka 230 lórí ẹ́ẹ̀tì tí kò lè tan gílóòbù kan ṣoṣo. Ẹ̀rọ tí wọ́n dìídì ṣe fún wíwọn ẹ́ẹ̀tì ló dára jù, àmọ́ oníná tó ní i kò pọ̀. (Kí onílé má dán ti gílóòbù yìí wò fúnra rẹ̀ o.)

Ohun kejì tí oníṣẹ́ gidi máa ń tẹnu mọ́ ni bíréékà tó ń dáàbò bo ènìyàn. Bíréékà tó wọ́pọ̀ nínú ilé, wáyà ló ń ṣọ́ kó má baà jóná. Oní-20 áńpì (áńpì ni wọ́n fi ń wọn bí iná tó ń ṣàn ṣe pọ̀ tó) kò ní já àfi tí iná bá kọjá 20 áńpì, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìdá kan nínú mẹ́wàá áńpì kan péré lè pa ènìyàn. Èyí tó ń ṣọ́ ẹni tó ń wẹ̀ ni bíréékà tí wọ́n ń pè ní RCD, oní-30 mílíáńpì (ìdá ọgbọ̀n nínú ẹgbẹ̀rún áńpì kan). Bí iná tó lọ kò bá bá èyí tó padà dọ́gba, kíá ló ti já. Ó ní bọ́tìnì kékeré kan tí wọ́n kọ T sí lójú. Oníná tó bá sọ pé owó RCD kò pọn dandan, ká dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ká pe ẹlòmíràn.

Ewu kan tún wà tí kì í ṣe ti iná. Bí omi bá ń gbóná, ó ń fẹ̀. Bí tẹ́mósítáàtì, ìyẹn ohun tó yẹ kó já iná nígbà tí omi bá ti gbóná tó, bá lẹ̀, omi inú táǹkì á máa gbóná lọ, á kọjá 100 lórí ìwọ̀n Celsius láìhó, torí pé wọ́n dé e mọ́lẹ̀. Ọjọ́ tí táǹkì bá bẹ́, apá kan omi yẹn á di ooru omi (stíìmù) lẹ́ẹ̀kan náà, ooru omi sì máa ń gba àyè tó tó ìlọ́po 1,600 ti omi. Fáàfù kékeré tó wà lẹ́nu ibi tí omi tútù ń gbà wọlé ni kì í jẹ́ kó débẹ̀. Ó máa ń kán tó-tó-tó nígbà tí omi bá ń gbóná. Kíkán yẹn ló ń bí àwọn onílé nínú, púlọ́ńbà kan á sì wá fi rọ́bà dí i, á gbowó, á lọ. Kò sí ohun tó burú tó èyí nínú gbogbo iṣẹ́ hítà. Ẹni tó bá ti ṣe é rí, kò yẹ kí wọ́n tún pè é. Páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ tó máa gbé omi tó ń kán lọ sí ìsàlẹ̀ ni àtúnṣe rẹ̀.

Ibo la ti ń rí oníná gidi? Ọmọ ìṣọ̀ tí ẹni tó ta hítà bá fi ránṣẹ́ rọrùn láti rí, ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀gá rẹ̀ ní ní ìṣọ̀ ló máa sọ pé ó dára. Òṣìṣẹ́ IBEDC, ilé iṣẹ́ tó ń pín iná, tó ń fi ọwọ́ kejì ṣiṣẹ́ nínú ilé lè mọ òpó àti mítà dáadáa, àmọ́ ohun tó bá ṣe nínú balùwẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ṣe é, kì í ṣe ilé iṣẹ́. Ní ti ìwé, fírídọ̀m fi hàn pé oníná kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá. Trade test (ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́) àti ìwé ẹ̀rí NABTEB, àjọ tó ń ṣe ìdánwò fún àwọn tó kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, fi hàn pé wọ́n dán an wò. Ìwé ẹ̀rí NEMSA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ààbò iná mànàmáná, ló sì wúwo jù nínú gbogbo wọn. Síbẹ̀, ìwé kì í so wáyà. Iṣẹ́ tó ti ṣe lọ́dún kan tàbí méjì sẹ́yìn ló yẹ ká lọ wò, ká bi onílé ibẹ̀ bóyá ó dáhùn nígbà tí wọ́n pè é padà.

Onílé lè bi oníná ní ìṣirò díẹ̀ láìfi ṣe ìdánwò. Hítà onítáǹkì oní-2000 wáàtì ń fa bí áńpì 9, wáyà 2.5 (mm², ìyẹn fífẹ̀ ojú bàbà rẹ̀ níbi tí wọ́n gé e) gbé e. Èyí tó ń gbóná lójú ẹsẹ̀, oní-4500, ń fa bí 20. Ó fẹ́ wáyà 4 àti bíréékà tirẹ̀, kì í ṣe púlọ́ọ̀gì oní-13 áńpì tó máa yọ́. Ẹni tó mọṣẹ́ á tún béèrè bí táǹkì òkè ṣe ga tó sí ṣáwà: mítà mẹ́ta péré kò fún omi lágbára tó nǹkan, hítà ojú ẹsẹ̀ mìíràn kò sì ní tàn rárá. Á wọn fóòtì pẹ̀lú, nírọ̀lẹ́ tí gbogbo àdúgbò ń lo iná. Bí iná bá wálẹ̀ sí 160, hítà oní-2000 kò ní ṣe tó 1000, nígbà mìíràn kò tilẹ̀ sí ohun tó ṣe hítà.

Ọ̀rọ̀ ọjà rírà ló tún kù. Ẹ bá oníná lọ sọ́jà, tàbí kẹ́ ẹ gba àkọsílẹ̀ ohun tó fẹ́ rà. Wáyà ayédèrú pọ̀: ẹ fi ọ̀bẹ ha ẹnu rẹ̀. Bí inú bá funfun, alumíníọ́mù tí wọ́n fi bàbà bò ni. Wáyà 2.5 oní-ẹyọ kan gbọ́dọ̀ nípọn tó bíi mìlímítà 1.78, kálípà ọwọ́ oníná lè sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀.

Láàárín láńdílọ́ọ̀dù àti ayálégbé, ó dára kí wọ́n ti sọ ọ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀: ẹ́ẹ̀tì àti bíréékà jẹ́ ti ilé, hítà lè jẹ́ ti ẹni tó rà á. Apá kan owó iṣẹ́ máa ń dúró títí wọ́n fi dán an wò. Wọ́n á kọ́kọ́ jẹ́ kí omi kún títí tí ẹnu ẹ̀rọ omi gbígbóná fi ń ṣàn láìtú atẹ́gùn, kí wọ́n tó tan iná. Wọ́n á tẹ bọ́tìnì T níṣojú onílé, iná á lọ, wọ́n á dá a padà. Lẹ́yìn ìyẹn, onílé fúnra rẹ̀ ni yóò máa tẹ̀ ẹ́ lóṣooṣù, ọjọ́ tó bá tẹ̀ ẹ́ tí iná kò lọ, kó pa hítà, kó sì pe oníná padà.